Omi Dídùn àti Omi Iyọ̀ ní Abẹ́ Ilẹ̀ Etí Òkun

Ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ òní, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ omi kò kàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n pé omi kò ní ọ̀tá kò túmọ̀ sí pé omi kan kò lè ba omi mìíràn jẹ́. Ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé òkun, oríṣi omi méjì ni ó ń ti ara wọn lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Ọ̀kan ni omi òjò tí ó rì sínú ilẹ̀, èkejì ni omi òkun. Ọ̀kan ṣeé mu, èkejì kò ṣeé mu. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn gbé, ohun tí ó ń da ìgbé wọn rú, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ, ni àlàyé yìí dá lé.

ORÚKỌ TÍ A Ń PE OMI

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó yẹ kí a wo ohun tí èdè Yorùbá ti sọ nípa omi. Èdè náà kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo omi orí ilẹ̀. Òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà, ọ̀sà yàtọ̀ sí odò, odò yàtọ̀ sí ìsun, àbàtà sì yàtọ̀ sí àkúrò. Ẹni tí ó bá ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ pé omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun gan-an, kì í sì í ṣe omi odò gan-an. Ní ìgbà òjò, nígbà tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn bá ń da omi sí i, ọ̀sà Èkó a fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí agbára àwọn odò bá ti dínkù, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a sì padà sínú ọ̀sà. Àwọn apẹja mọ ìgbà méjèèjì, nítorí pé ẹja tí ń bẹ nínú omi kìíní kọ́ ni ó ń bẹ nínú omi kejì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan omi tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, orúkọ kan náà ni a ń pe gbogbo rẹ̀: omi abẹ́ ilẹ̀, tàbí omi kànga. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Nínú àlàyé yìí, omi dídùn ni a ó máa pe omi tí kò ní iyọ̀. Kì í ṣe pé ó dùn bí oyin, bí kò ṣe pé ó ṣeé mu, ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ sì ń hù dáadáa bí a bá fi rin ín. Omi iyọ̀ ni a ó máa pe omi òkun, ìbáà wà lójú òkun, ìbáà wà lábẹ́ ilẹ̀.

BÍ OMI ṢE Ń DÉ ABẸ́ ILẸ̀

Òjò ni ìyá omi dídùn. Bí òjò bá rọ̀, apá kan a ṣàn lọ sínú odò, oòrùn a fa apá kan, igi àti koríko a mu apá kan, ìyókù a sì rì sínú ilẹ̀. Ní etí òkun láti Èkó títí dé Kútọnu àti Lómẹ̀, iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Àlàfo wà láàárín wóró iyanrìn kan àti èkejì, inú àwọn àlàfo wọ̀nyí sì ni omi ń gbé. Kì í ṣe pé odò kan ń ṣàn nísàlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó mu omi bí kànrìnkàn ti ń mu omi. Ibi tí omi náà kún dé ni a ń kàn bí a bá gbẹ́ kànga.

Omi yìí kò dúró lójú kan. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ó ga lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀, òkun sì ni ó rẹlẹ̀ jù. Ìrìn rẹ̀ lọ́ra ju ìrìn ìgbín lọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rin máìlì kan. Ibi tí amọ̀ bá wà, agbára káká ni omi fi ń kọjá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí òkun, ìpele iyanrìn wà lókè, ìpele amọ̀ tẹ̀ lé e, ìpele iyanrìn mìíràn sì tún wà nísàlẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú omi tirẹ̀.

ÒFIN OGÓJÌ

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé epo a máa lékè omi, nítorí pé epo fúyẹ́ ju omi lọ. Omi dídùn pẹ̀lú fúyẹ́ ju omi òkun lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ wọn kéré. Lítà kan omi dídùn wọn gíráàmù 1,000. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, gbogbo rẹ̀ sì wọn nǹkan bí gíráàmù 1,025. Gíráàmù 25 tí ó wà láàárín wọn yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí rẹ̀, omi òjò tí ó rì sínú iyanrìn etí òkun kì í pòórá sínú omi iyọ̀. Orí rẹ̀ ni ó ń jókòó lé.

Báwo ni ó ṣe jókòó? Bí ọkọ̀ ojú omi tí a di ẹrù sí ni. Ẹni tí ó bá dúró sí èbúté Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ ọjà yóò rí i pé bí ẹrù bá ti kún ọkọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó yọ sókè, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó rì. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídùn rí lórí omi iyọ̀. Bí ojú omi inú kànga bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, omi dídùn yóò jìn tó nǹkan bí mítà 40 sí ìsàlẹ̀ ojú òkun kí a tó kan omi iyọ̀. Bí ó bá fi mítà 2 ga, yóò jìn tó mítà 80. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí a bá pín 1,000 sí ọ̀nà 25, 40 ni yóò bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ojú kejì. Bí a bá já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ yóò gbé sókè nínú omi. Bákan náà, bí a bá ń fa omi kànga títí ojú rẹ̀ fi fi mítà 1 lọ sílẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò máa gòkè bọ̀, yóò sì gòkè tó mítà 40. Ẹni tí ó rò pé mítà 1 ni òun ná, mítà 41 ni ó ná.

Joseph DuCommun, ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point ní Amẹ́ríkà, ti kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1828. Ó ṣàlàyé ìdí tí omi kànga kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey fi ń ga tí ó sì ń lọ sílẹ̀ bí omi òkun ṣe ń kún tí ó sì ń fà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tàn kálẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Badon Ghijben, ẹnjiníà ológun ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tó ṣe irú ìṣirò náà nípa omi agbègbè Amsterdam. Ní ọdún 1901, Herzberg, ará Jámánì, tún rí ohun kan náà nígbà tí ó ń wá omi fún àwọn erékùṣù inú Òkun Àríwá. Orúkọ àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni ayé fi ń pe òfin náà títí di òní. Àwọn olùkọ́ èdè lè rí ẹ̀kọ́ fà yọ nínú ti DuCommun: pé iṣẹ́ èdè ni ènìyàn ń ṣe kò ní kí ó má la ojú rẹ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kànga.

OMI TÍ Ń ṢỌ́ ẸNU Ọ̀NÀ

Nínú ìṣirò àwọn ará ìṣáájú wọ̀nyí, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé omi méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, ọ̀kan lórí èkejì. Ní ọdún 1940, M. King Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé omi dídùn kò dúró. Ó ń ṣàn lọ sínú òkun, ìṣàn yìí gan-an ni ó sì ń pinnu ibi tí ààlà àwọn méjèèjì yóò wà. Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn olùwádìí tí ń wọn omi abẹ́ ilẹ̀ ní Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida, ti rí i pé omi iyọ̀ pàápàá kò dúró. Ó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé láti inú òkun, ó ń pàdé omi dídùn, apá kan wọn ń dà pọ̀, omi dídùn a sì gbé àdàlù náà padà sínú òkun. Nítorí náà ààlà wọn kì í ṣe ògiri. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà ọjà, níbi tí àwọn kan ti ń wọlé tí àwọn kan sì ti ń jáde, tí èrò tí ń jáde kò sì jẹ́ kí èyí tí ń wọlé ráyè kọjá ibi kan.

Kì í ṣe òní ni ènìyàn ti mọ̀ pé omi dídùn ń gba abẹ́ ilẹ̀ jáde sínú òkun. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, Strabo, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì, kọ̀wé nípa erékùṣù kan tí ń jẹ́ Aradus, ní etí òkun Síríà. Ó ní ìsun omi dídùn kan wà nínú òkun ní tòsí ibẹ̀, àti pé ní ìgbà ogun àwọn ará ìlú náà a máa fi àdó òjé tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé orí ìsun náà ní ìsàlẹ̀ òkun, wọn a so ọ̀pá awọ mọ́ ọn, omi a sì gba inú rẹ̀ gòkè wá sínú ọkọ̀. Omi òkun ni ó kọ́kọ́ ń jáde. Bí wọ́n bá ní sùúrù, omi dídùn a tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1996, Willard Moore gbé ìwádìí kan jáde lórí etí òkun South Carolina ní Amẹ́ríkà. Ó fi èròjà tí a ń pè ní rédíọ́ọ̀mù, èyí tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé bọ̀ láti inú iyanrìn, ṣe ìdíwọ̀n. Ohun tí ó rí ni pé omi tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú òkun níbẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 omi tí àwọn odò ibẹ̀ ń gbé wá. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ omi òkun tí ó ti wọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ń padà, apá kan sì jẹ́ omi òjò. Bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i, iṣẹ́ ńlá ni ó ń lọ lábẹ́ iyanrìn.

Láti inú èyí ni kókó ọ̀rọ̀ òní ti jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo omi dídùn tí ń lọ sínú òkun bí òfò. Wọn a ní kí ni òkun fẹ́ fi omi ṣe, nígbà tí ọmọ ènìyàn ń wá omi kiri? Ìdáhùn ni pé omi náà kò ṣòfò. Òun ni ó ń ti omi iyọ̀ sẹ́yìn bí ó ti ń lọ. Òun ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí a bá fa gbogbo rẹ̀ tán sí òkè, tí kò ku èyí tí ń jáde mọ́, ọjọ́ náà ni òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BROOKLYN

Ìtàn Brooklyn, ní ìlú New York, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a fi ọkàn bá lọ. Orí erékùṣù Long Island ni ó wà, òkun yí erékùṣù náà ká, iyanrìn sì pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bí èrò ti ń pọ̀ níbẹ̀ ni kànga ń pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ń fa omi, àwọn tí ń tà á fún ará ìlú pẹ̀lú ń fà á. Ní àkókò kan náà, wọ́n fi kọnkéré àti ọ̀dà bo ojú ilẹ̀. Omi òjò tí ó yẹ kí ó rì kò rí ọ̀nà mọ́. Gọ́tà gbé e lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1936, ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ní apá kan Brooklyn ti lọ sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ìsàlẹ̀ ojú òkun, omi iyọ̀ sì ti wọlé. Ní ọdún 1947, wọ́n dẹ́kun fífa omi abẹ́ ilẹ̀ fún ará ìlú níbẹ̀, wọ́n sì gbára lé omi tí a ń gbé wá láti àwọn òkè tí ó jìnnà. Lẹ́yìn èyí ni ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ga padà, ó sì ń ya wọ inú àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a kọ́ nígbà tí omi ti fà lọ.

Kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó fa ọ̀ràn yìí. Olúkúlùkù ẹni tí ó gbẹ́ kànga ń ṣe ohun tí ó tọ́ ní ojú ara rẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni ó di ìpalára. New York sì ní owó àti òkè tí omi ti lè wá. Kì í ṣe gbogbo ìlú etí òkun ni ó ní méjèèjì.

ETÍ ÒKUN ÈKÓ

Láti Victoria Island lọ dé Lẹ́kkí àti Ajah, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Omi iyọ̀ wà níwájú rẹ̀, omi tí iyọ̀ ń wọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ibẹ̀ kò kéré. Ó ju mílímítà 1,500 lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, nítorí náà ojú omi kànga kò lè fi púpọ̀ ga ju ojú òkun lọ. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹrù inú rẹ̀ kò pọ̀.

Orí ilẹ̀ yìí ni ilé ti ń pọ̀ sí i láti bí ogójì ọdún. Omi ẹ̀rọ ìjọba láti Ìjú àti Adíyàn kò dé gbogbo ojúlé, nítorí náà ojúlé kọ̀ọ̀kan a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bọ́ọ̀hóòlù. Wọn a sì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá kí ẹrẹ̀ má baà wọ ilé. Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní Brooklyn ni a ń ṣe papọ̀ yìí: à ń fa omi jáde, a sì ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi ìpele òkè ti ní iyọ̀. Kò gba omi òkun púpọ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí ìwọ̀n 2 omi òkun bá wọ inú ìwọ̀n 98 omi dídùn, ahọ́n yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọṣẹ kò ní hó mọ́, irin ẹ̀rọ yóò máa dípẹtà, òdòdó inú ọgbà yóò sì máa rọ.

Nígbà náà ni onílé a pe àwọn agbẹ́kànga, a ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àṣìṣe ńlá ni èyí lè jẹ́. Nínú ìpele iyanrìn kan náà, bí a bá ṣe ń jìn sí i ni a ń sún mọ́ omi iyọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó wà. Bí ẹ̀rọ bá sì ń fa omi ní ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yóò mọ òkìtì gòkè wá bí òkìtì ọ̀gán, títí yóò fi kan ẹnu ẹ̀rọ. Lóòótọ́, omi dídùn wà ní ìpele tí ó jìn gan-an nísàlẹ̀ amọ̀ ní àwọn ibì kan ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga bá dá amọ̀ náà lu tí kò sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá dáadáa, ọ̀nà ni ó là fún omi iyọ̀ òkè láti ṣàn lọ ba omi ìsàlẹ̀ jẹ́. Kànga ọ̀kan lè ba omi àdúgbò jẹ́ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀.

Ta ni ó wá ń jìyà? Ẹni tí ó lówó yóò ra ẹ̀rọ tí ń sẹ́ iyọ̀, tàbí kí ó san owó ọkọ̀ tí ń gbé omi kiri. Ẹni tí kò ní yóò ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa mu omi inú ọ̀rá. Kànga tí ó ti ń bẹ ní ìletò apẹja kí àwọn ilé ńlá tó dé, tí kò fa ju korobá mélòó kan lọ lóòjọ́, lè di oníyọ̀ nítorí ohun tí a ń fà ní ìkọjá ọgbà. Níbí ni ìbéèrè ti yọjú: ta ni ó ni omi abẹ́ ilẹ̀? Ilẹ̀ ní olówó, ó ní ìwé, ó ní ìpààlà. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ rẹ̀ kò mọ ìpààlà. Omi tí ó wà lábẹ́ ilé Lágbájá ní òní, abẹ́ ilé Tàmẹ̀dò ni ó ń lọ.

Ní ìhà Ìlàjẹ, ní etí òkun Oǹdó, omi iyọ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní àwọn ọdún 1970 ni a la omi kan ní agbègbè Awóyè fún iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ọ̀nà omi náà kan òkun, omi iyọ̀ gbà á wọ inú irà tí ó jẹ́ ti omi dídùn, àwọn igi ibẹ̀ sì kú lọ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe fífa omi ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ibi tí a bá ti mú ohun tí ń dá òkun dúró kúrò, òkun yóò gba ibẹ̀.

Ó tún yẹ kí a rántí pé òkun fúnra rẹ̀ ń ga. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di òní, ojú òkun àgbáyé ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i, ó sì ń ga síwájú. Bí ojú òkun bá ń ga tí ojú omi kànga sì ń lọ sílẹ̀, ìhà méjèèjì ni ọkọ̀ náà ti ń pàdánù.

ÀWỌN TÍ Ó TI WÁ ÀTÚNṢE

Àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Ìlú Amsterdam ti ń mu omi abẹ́ òkìtì iyanrìn etí òkun láti ọdún 1853. Nígbà tí wọ́n fa á jù, omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láti ọdún 1957, wọ́n ń fi ọ̀pá gbé omi odò Rhine wá, wọ́n ń dà á sórí iyanrìn náà kí ó lè rì, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fà á. Wọn kò fà ju ohun tí wọ́n dá padà. Ní agbègbè Los Angeles, láti àwọn ọdún 1950, wọ́n gbẹ́ kànga ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní etí òkun, kì í ṣe láti fa omi bí kò ṣe láti fi omi dídùn sínú ilẹ̀, kí ó lè dúró bí odi níwájú omi iyọ̀. Ní Orange County tí ó wà nítòsí ibẹ̀, omi ìdọ̀tí tí a ti sẹ́ mọ́ ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1976.

Owó ńlá ni àwọn wọ̀nyí ná. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí kò gba owó púpọ̀ wà. Èkíní, kí a má fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Kí a fi ibi tí òjò yóò gbà rì sílẹ̀, kí a sì darí omi orí òrùlé sínú kòtò tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Èkejì, kí a máa gbe omi òjò sínú táńkì fún ìfọṣọ àti ìwẹ̀, kí ẹ̀rọ lè sinmi ní oṣù òjò. Ẹ̀kẹta, kí kànga má jìn ju bí ó ti yẹ lọ, kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí a sì máa fa omi díẹ̀díẹ̀ dípò kí a fa á pẹ̀lú agbára. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ará àdúgbò fi ohùn ṣọ̀kan pé kànga kan tí a gbẹ́ dáadáa fún ilé púpọ̀ sàn ju kànga kọ̀ọ̀kan fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀karùn-ún, kí ìjọba máa mọ iye kànga tí ó wà, iye omi tí ń jáde, àti bí iyọ̀ ti pọ̀ tó nínú rẹ̀, kí ó sì mú omi ẹ̀rọ dé ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò bá tó. Èyí ìkẹyìn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òùngbẹ kò gbọ́ ìmọ̀ràn.

Kíá ni a ní láti ṣe é. Omi iyọ̀ lè wọlé láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n kí òjò tó fọ̀ ọ́ kúrò nínú iyanrìn, ó lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

IṢẸ́ OLÙKỌ́

Olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ yìí han akẹ́kọ̀ọ́ láìná owó. Ẹyin adìyẹ tí kò bàjẹ́ yóò rì nínú abọ́ omi dídùn. Bí a bá po iyọ̀ púpọ̀ sínú omi náà, ẹyin náà yóò léfòó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé omi iyọ̀ wúwo ju omi dídùn lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá àpótí gíláàsì. Kí a kó iyanrìn tí a ti fọ̀ sí apá kan rẹ̀ bí ilẹ̀ tí ó dagun lọ sí etí òkun, kí a sì da omi iyọ̀ tí a pa láró sí apá kejì. Omi aró yóò wọ inú iyanrìn. Kí a wá máa wọ́n omi dídùn sórí iyanrìn náà díẹ̀díẹ̀ bí òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé aró náà ń padà sẹ́yìn. Bí a bá wá ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iyanrìn, tí a sì fi sìríǹjì fa omi jáde, aró náà yóò tún máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pá náà. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Lẹ́kkí ni wọ́n ti fi ojú rí yìí.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ etí òkun tí ó ní kànga tún lè ṣe ju èyí lọ. Okùn kan tí a so òkúta mọ́ nìkan ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá ń wọn bí omi kànga ti jìn tó ní oṣooṣù, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n sì ń kọ bí omi náà ti rí lẹ́nu, ìwé náà yóò wúlò fún ìjọba àti fún àwọn olùwádìí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bákan náà, kí àwọn olùkọ́ èdè máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà etí ọ̀sà: kànga wo ni ó dùn nígbà kan rí, ìgbà wo ni ó yí padà, kí ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìmọ̀ tí ó wà nínú orúkọ ibi kò kéré, ó sì ń bá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lọ.

ÀKÓTÁN

Ní àkótán, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mú lọ́wọ́. Omi dídùn jókòó lé orí omi iyọ̀ ní etí òkun, díẹ̀ tí a bá mú kúrò lókè a sì máa di púpọ̀ nísàlẹ̀. Omi tí ń ti abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú òkun kì í ṣe òfò, òun ni ó ń dá òkun dúró. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ti ojúlé kan, nítorí náà ìtọ́jú rẹ̀ kò lè jẹ́ iṣẹ́ ojúlé kan.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a ti ń pa òwe náà, ìwà rere sí ọmọnìkejì ni a ń fi kọ́ni. Ní etí òkun, ó ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò fara sin: omi òjò tí a bá jẹ́ kí ó rì sínú ilẹ̀ lónìí ni àwọn ọmọ yóò bá nínú kànga.